Píkọ́ọ̀pù 504 Bàbá Àgbà: Bí Mo Ṣe Sọ Ọ́ Di Ọkọ̀ Ojoojúmọ́

  

Ohùn tẹ́ ẹ gbọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀. Mo ní láti sọ ọ́ torí ẹnì kan ti kọ̀wé sí wa rí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pa jẹnẹrétọ̀ yín kẹ́ ẹ tó gba ohùn sílẹ̀." Ọkọ̀ mi ni. Peugeot 504 ni, píkọ́ọ̀pù, tí bàbá àgbà mi tó bí màmá mi rà ní 1988. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Òun ni mo ń wà lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ láti Bódìjà dé Ring Road, òun náà ló ń gbé kámẹ́rà, iná àti máíìkì wa tí a bá ń lọ ya fídíò níta. Látìgbà tẹ́ ẹ ti rí i nínú fọ́tò tí a gbé síta, ìbéèrè ò tán lẹ́nu yín. "Ṣé ó ń gbé yín délé?" "Èló lẹ fi tún un ṣe?" Ẹnì kan tiẹ̀ ní, "Àǹtí, ṣé kò sí Corolla mọ́ nígboro ni?"

Mo fẹ́ dáhùn lónìí. Ṣùgbọ́n n ò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀dà tàbí ẹ́ńjìnnì. Orí bíréèkì ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni màmá mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi títí ayé.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ẹni tí ọkọ̀ náà jẹ́. 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde ní Faransé, nígbà tó di 1969 wọ́n fi í ṣe Ọkọ̀ Ọdún nílẹ̀ Yúróòpù. Ní 1975 ilé iṣẹ́ tó ń to Píjò pọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná, láti ìgbà náà ni 504 ti di ọkọ̀ ọ̀gá ìjọba, ọkọ̀ olùkọ́, ọkọ̀ èrò, ọkọ̀ gbogbo ènìyàn. Píkọ́ọ̀pù tiẹ̀ dé nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ. Iwájú rẹ̀ jọ ti ọkọ̀ tí a fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ti iṣẹ́: irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra ló gbé e ró, kó lè ru ẹrù tó tó tọ́ọ̀nù kan. Kòkó ni bàbá àgbà fi ń kó láti Àpòmù wá sí Ìbàdàn. Màmá mi ní tí kòkó bá kún un, iwájú rẹ̀ á máa wo òkè bí ẹni tó ń wá ẹyẹ.

Nígbà tí bàbá àgbà dolóògbé, ọkọ̀ náà wà lábẹ́ igi máńgòrò fún ọdún mẹ́sàn-án. Adìẹ yé sínú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi. Àwọn ẹ̀gbọ́n màmá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n máa gbé irin lọ. Mẹkáníìkì kan nítòsí ibẹ̀ fún un ní bátìrì, ó fọ kábúrétọ̀, ó da epo sí i, ọkọ̀ náà sì dáhùn. Mo ya fídíò rẹ̀. Mo sunkún díẹ̀, ẹ má bi mí. Mo wà á wá sí Ìbàdàn bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo rò pé ọkọ̀ tó bá ti dáhùn ti yè.

Oṣù méjì ni mo fi wà á bẹ́ẹ̀. Mo gbé owó lé rédíò tuntun. Mo ra rímù fẹ̀ǹfẹ̀ mẹ́rin torí mo rí i lórí Instagram; tí mo bá yí sitiárín dópin, táyà á máa ha ara ọkọ̀, ó ń dún kẹẹrẹ, kẹẹrẹ. Mo pàdà tà wọ́n ní ìdajì owó. Nígbà yẹn, bí ẹ bá bi mí ohun tí mò ń ṣe, màá ní mò ń tún ọkọ̀ bàbá àgbà ṣe.

Ó di ọjọ́ Sátidé kan, a ń gbé àga rọ́bà ogójì àti kúlà méjì lọ síbi ìnáwó àǹtí mi. Màmá mi ló jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. A ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó lọ sí Bẹẹrẹ. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn mọ bí ibẹ̀ ṣe rí: ó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àwọn ènìyàn ń kọjá, àwọn ọlọ́jà wà létí títì, ọ̀kadà ń yọ láti ibi tí ojú ò dé. Mo tẹ bíréèkì. Mo gbọ́ ohùn kékeré kan, pọ́, bí ìgbà tí òróró ta. Ẹsẹ̀ mi lọ títí dé ilẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó ń tẹ afẹ́fẹ́.

Mo fa bíréèkì ọwọ́, ó tẹ̀ lé ọwọ́ mi wá bí okùn tí kò so mọ́ ẹran. Mo ju jíà sí sẹ́kọ́ńdì, ẹ́ńjìnnì pariwo, ọkọ̀ rọra rẹlẹ̀ díẹ̀. Mo ju ú sí jíà kìíní, gbogbo ọkọ̀ fò sókè, àga rọ́bà méjì já bọ́ sílẹ̀. Mo ń tẹ fèrè. Mo darí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì níbi tí wọ́n da yanrìn sí, ibẹ̀ ló ti dúró. Láàárín wa àti obìnrin kan tó ń ta ọsàn, kò ju gígùn tábìlì ìjẹun lọ. Obìnrin náà ò tiẹ̀ sá. Ó kàn ń wò mí.

Kò sí bẹ́líìtì nínú ọkọ̀ náà. Màmá mi ti na ọwọ́ mú dáṣíbọ́ọ̀dù, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì wú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọn ò bú mi. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ra ọsàn lọ́wọ́ obìnrin yẹn, wọ́n ní kí n pe ọkọ̀ míì tó máa kó àga. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n sọ pé, "Ta á. Ohun tí bàbá mi fi bọ́ wa kò gbọdọ̀ jẹ́ òun ló máa pa ọ́."

Mo bẹ̀bẹ̀. A jọ ṣe àdéhùn: títí di Kérésìmesì. Tí Kérésìmesì bá dé tí wọ́n lè jókòó sínú rẹ̀ láti Ìbàdàn dé Àpòmù láì na ọwọ́ mú ohunkóhun, mo lè máa wà á. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọkùnrin kan tó ń kó pákó ti wà nílẹ̀ tó fẹ́ rà á. Oṣù méje ló kù.

Ọ̀gá mẹkáníìkì tí mo rí, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, ìdí 504 ló ti kọ́ṣẹ́. Ibùdó rẹ̀ ò jìnnà sí ọjà Àràròmí ní Agodi Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, ó dákẹ́. Nígbà tó jáde, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ wá wo nǹkan." Mo dùbúlẹ̀ lórí páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Páìpù tó ń gbé ọ́ìlì bíréèkì lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹnì kan ti ká a lẹ́nu, ó fi òòlù lù ú pa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Nígbà kan rí, ibi kan ń jò nínú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Dípò kí ẹni tó tún un ṣe ra rọ́bà kékeré tó wà nínú rẹ̀, ó dí ọ̀nà pa, kí ọ́ìlì má bàa dé ibẹ̀ mọ́. Bíréèkì iwájú nìkan ló kù. Kò sẹ́ni tó mọ̀, torí bí ẹ bá ń rọra lọ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, iwájú nìkan tó. Lọ́jọ́ tí hóòsì iwájú tó ti gbó bẹ́ lábẹ́ ẹrù, kò sí ẹ̀yìn tó máa ràn án lọ́wọ́. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà fún un ní ọ̀nà méjì láti dúró. Ẹnì kan ti gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi pa owó rọ́bà mọ́.

Ọ̀gá ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ tó ń rìn nígboro ló wà bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ní ọkọ̀ àtijọ́, ẹ má tíì ra rédíò. Ẹ ní kí wọ́n tú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú yín.

A yí gbogbo rẹ̀ padà: pọ́ǹpù bíréèkì, hóòsì, páìpù, rọ́bà inú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ṣúù, páàdì. Ọ̀gá tún kọ́ mi ní nǹkan kan nípa ọ́ìlì bíréèkì tí n ò mọ̀ rí. Ọ́ìlì yẹn máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 4 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú agolo, ó kéré tán ó gbọ́dọ̀ gbóná dé 230 kó tó hó. Bó bá ti fa omi mu, ó lè má kọjá 155. Bó bá sì hó nínú páìpù, ategùn ni ẹ ń tẹ̀, kì í ṣe ọ́ìlì. Torí náà, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì, a máa ń dà á nù, à ń rọ tuntun. Agolo tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má gbà á.

Lẹ́yìn bíréèkì, ó kan bẹ́líìtì. Mo rò pé nǹkan kékeré ni. Mo ti rí bẹ́líìtì tòkunbọ̀ lọ́jà tí kò wọ́n rárá. Ọ̀gá kọ̀. Ó ní bẹ́líìtì tó ti di ènìyàn mú rí nínú ìjàǹbá ti nà, kì í padà sípò, àwa ò sì lè mọ ibi tí ọkọ̀ tí wọ́n tú u lára rẹ̀ ti fẹsẹ̀ kọ. A ra tuntun méjì. Lẹ́yìn náà, wẹ́dà lẹ irin nínípọn mọ́ inú ara ọkọ̀ níbi tí bọ́ọ̀tì ti máa wọlé, torí páńẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá kàn gún un kẹ́ ẹ sì dè é, ọjọ́ tí ìjàǹbá bá fà á, á ya bíi páálí. Ìjókòó 504 mi jẹ́ àjùmọ̀jókòó gígùn kan, ènìyàn mẹ́ta ló máa ń gbà. Báyìí, ènìyàn méjì péré. Ẹnì kẹta á wọ ọ̀kadà.

Ibi tí àríyànjiyàn wà ni ẹ́ńjìnnì.

Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ló ní kí n yọ ẹ́ńjìnnì Píjò, kí n fi ti Toyota sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní, "Ṣe bí ìgbà tó o bá fi ètò tuntun sórí fóònù àtijọ́." Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ẹ́ńjìnnì Toyota máa dín epo kù, ó pọ̀ lọ́jà. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, tí epo fò láti nǹkan bí 185 náírà sókè 500, kò sí ẹni tí kò ṣírò. Èmi náà ṣírò. Mo rọ epo kún, mo wà á, mo tún rọ ọ́ kún: lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó ń mu fún ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Ẹ̀rù bà mí.

Ọ̀gá ò bá mi jiyàn. Ó ní kí n wo ohun tó máa tẹ̀ lé e. Bí a bá fi ẹ́ńjìnnì míì sí i, a máa gé ibi tó jókòó lé, jíà máa yàtọ̀, ọ̀pá tó ń lọ sẹ́yìn máa ní àtúnṣe, wáyà tuntun máa wọ inú wáyà àtijọ́. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ìwé ọkọ̀ ò ní bá ti inú ọkọ̀ mu mọ́, a ní láti lọ yí i padà. "Lẹ́yìn náà," ó ní, "bó bá bàjẹ́ ní Aṣejírè lálẹ́, mẹkáníìkì Píjò á ní ẹ́ńjìnnì Toyota ni, ti Toyota á ní Píjò ni. Ta lẹ máa pè?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló yí mi lérò padà. Mo rí i pé ohun tí mò ń wá kì í ṣe ọkọ̀ tó yára jù tàbí tó tutù jù. Ọkọ̀ tí ẹni tó wà létí títì lè mọ ohun tó ń ṣe é ni. Látìgbà náà, nǹkan yòówù tí a bá fẹ́ fi kún un, ìbéèrè kan ni mò ń bi: bí eléyìí bá kú, ṣé a ṣì lè délé?

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú 504, kọ́ńtáàtì kékeré kan ló ń ṣí tó sì ń pa láti fún pọ́lọ́ọ̀gì níná. Ó máa ń jẹ, á máa fẹ́ àtúntò. A yọ ọ́, a fi èyí tó jẹ́ ẹlẹ́kitirọ́níìkì sí i, ọkọ̀ sì ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan báyìí láàárọ̀. Ṣùgbọ́n kọ́ńtáàtì àtijọ́ ṣì wà nínú àpótí dáṣíbọ́ọ̀dù, nínú ọ̀rá, pẹ̀lú ṣúkúrú kan. Ti ẹlẹ́kitirọ́níìkì, bó bá máa kú, kì í kìlọ̀. Kọ́ńtáàtì lè rẹ̀ ẹ́, ẹ fi bébà gbá a, á tún gbé yín délé.

Ẹ́ńjìnnì dúró, ṣùgbọ́n a tọ́jú rẹ̀. Ibí ni iṣẹ́ mi ti wúlò. Mo gbé máíìkì wa sí ibi mẹ́fà lára ẹ́ńjìnnì, mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, mo gbọ́ ọ nínú hẹ́dífóònù lọ́fíìsì lálẹ́. Nínú ariwo gbogbo, ohùn kan wà tí kò bá èyí tó kù lọ, ó ń dún wíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù omi. Mo gbé e lọ fún Ọ̀gá. Ó ki hẹ́dífóònù bọ etí, ó di ojú, ó ní, "Béárìnnì ni. Kò ní pẹ́ kú." Ó ní ọgbọ̀n ọdún lòun ti ń fi ọ̀pá irin àti etí gbọ́ ẹ́ńjìnnì, kò sẹ́ni tó fún òun ní hẹ́dífóònù rí. Ó béèrè iye tí wọ́n ń tà á.

A yí pọ́ǹpù omi náà padà, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe bọ́ sọ́rọ̀ ìgbóná. Orí ẹ́ńjìnnì 504 jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù, ìdí rẹ̀ jẹ́ irin dúdú, omi sì ń kan àwọn sìlíńdà rẹ̀ tààrà. Bí ẹ bá ń bu omi ẹ̀rọ lásán sí i, ìpatà á máa jẹ ẹ́ láti inú, rédíétọ̀ á dí. Lọ́jọ́ tó bá gbóná jù, orí alumíníọ́ọ̀mù yẹn á ká, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì á jó. Ohun tó pa ọ̀pọ̀ 504 nìyẹn, kì í ṣe ogbó. A tú rédíétọ̀, ìdọ̀tí tó jáde dà bí ọbẹ̀ ilá tó ti sùn. A fi kúláǹtì sí i, ìdajì òun, ìdajì omi mímọ́.

Fáànù ńkọ́? Ọ̀pọ̀ 504 ní fáànù tí ń já ara rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí omi bá tutù, tó sì ń di ẹ́ńjìnnì mú nígbà tó bá gbóná. Tèmi ti kú tipẹ́, wọ́n ti dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì gbọingbọin. Nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Ìwó Road, tí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra yí, fáànù náà á máa rọra yí, nígbà tí a nílò rẹ̀ jù. A fi fáànù oníná síwájú rédíétọ̀, tó ń dìde fúnra rẹ̀ bí omi bá gbóná. Mo tún fi bọ́tìnnì kan sí dáṣíbọ́ọ̀dù kí n lè fọwọ́ tàn án.

Mo bá a dé ibí, mo sì tún ṣe àṣìṣe. Ìwàǹwára ni. Ọ̀gá ní kí n dúró de ríwáyà rẹ̀, ẹni tó mọ wáyà ọkọ̀. Èmi ní ṣé fáànù lásán ni? Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa so ó mọ́ bọ́tìnnì tààrà, láì sí rílé, láì sí fíúsì. Ọjọ́ kẹta, mo gbóòórùn rọ́bà tó ń jó. Wáyà ti yọ́ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí páìpù epo. Mo yọ ẹnu bátìrì pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n.

Ríwáyà tú gbogbo wáyà ọkọ̀ náà lẹ́yìn ìyẹn. Ó fi hàn mí pé bátìrì ń gbé 13.9 fóòtì jáde nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iná iwájú ń rí 10.8 péré gbà. Ìyókù ń ṣòfò nínú wáyà tó ti gbó àti bọ́tìnnì tó ti jẹ. Èmi tí mo ti fẹ́ ra gílóòbù LED olówó gọbọi! Ó fi rílé sí i, ó fa wáyà nínípọn láti bátìrì, gílóòbù àtijọ́ kan náà sì mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Bọ́tìnnì kò gbé iná mọ́, ó kàn ń pàṣẹ fún rílé. Fíúsì mẹ́jọ ló wà níbẹ̀ báyìí, ó kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sára ìdérí pẹ̀lú Yorùbá: FÈRÈ, OMI, OJÚ Ọ̀TÚN, OJÚ ÒSÌ. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọkọ̀ náà nìyẹn.

Sìpíríǹgì ẹ̀yìn: bí kò bá sí ẹrù, ó máa ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́, máíìkì wa méjì ti kú sí i. A yọ irin kan kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó túmọ̀ sí pé n ò gbọ́dọ̀ kó kòkó tọ́ọ̀nù kan mọ́. Èyí dùn mí díẹ̀. Ohun tí bàbá àgbà rà á fún gan-an ni mo mú kúrò lára rẹ̀.

Táyà, n ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ máa rí nọ́ńbà mẹ́rin tó dá dúró níparí DOT. Bó bá jẹ́ 3219, ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ojú rẹ̀ lè máa dán, kó ti jẹ́ arúgbó.

Éásì ńkọ́? Rárá. Ó máa fa agbára lára ẹ́ńjìnnì, ó máa fi ooru kún ooru iwájú rédíétọ̀. Mo ń ṣí wíńdò. Mo ń làágùn. Bí mo bá fẹ́ pàdé oníbàárà ńlá, mo máa ń gbé ṣẹ́ẹ̀tì míì dání.

Nígbà tó kan ara ọkọ̀, páńẹ́ẹ̀lì-bítà gé ibi tó ti dípẹtà, ó lẹ irin tuntun mọ́ ọn. Mo dúró tì í, torí n ò fẹ́ kó kàn fi fílà dí ihò. Àwọ̀ búlúù kan náà la kùn ún. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí bàbá àgbà ní kí wọ́n kọ, SÙÚRÙ LÉRÈ, ó ti ṣí. Mo ní kí wọ́n tún un kọ. Màmá mi ní, "Bàbá mi? Sùúrù? Ọkùnrin tó ń tẹ fèrè fún ewúrẹ́?" Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kó wà.

Owó. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ lóṣù méje, mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀ta ó lé ogójì ẹgbẹ̀rún náírà, láì ka rímù ìtìjú yẹn mọ́ ọn. Corolla tòkunbọ̀ tí mo ti ń wò ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí a fọ kábúrétọ̀ dáadáa, tí a tú táǹkì epo fọ ìpatà ọdún mẹ́sàn-án jáde, tí bíréèkì ò sì di ẹsẹ̀ mú mọ́, epo rẹ̀ wálẹ̀ láti lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mọ́kànlá àbọ̀. Corolla á ṣì mu kéré sí i. N ò ní parọ́ fún yín pé mo jèrè. Bí ẹ bá ń wá ọkọ̀ tí ẹ ò ní ronú nípa rẹ̀, ẹ lọ ra Corolla, ẹ má dá mi lóhùn. Èmi máa ń ronú nípa tèmi láràárọ̀: mo máa ń wo ọ́ìlì, mo máa ń wo omi, mo máa ń tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó kúrò nílé. Bó bá lọ sílẹ̀ ní ìwọ̀n èékánná, n ò ní jáde.

Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kejìlá, a gbéra lọ sí Àpòmù. Màmá mi wọlé, wọ́n wá bẹ́líìtì, wọ́n ò rí ibi tó ti ń wọlé, mo bá wọn dè é. Wọ́n ní ó fún ọmú àwọn. Mo tú u díẹ̀. Wọ́n ní kí n gba Mápó kọjá.

Mo ní, "Màámi, kì í ṣe ọ̀nà wa nìyẹn."

Wọ́n ní, "Mo mọ ọ̀nà ilé bàbá mi. Gba Mápó."

A gun òkè. A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sí Bẹẹrẹ. Ọ̀kadà kan yọ jáde, mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ náà dúró jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ọ̀kadà kọjá. Mo wo ọwọ́ màmá mi. Méjèèjì wà lórí báàgì wọn, wọn ò di ohunkóhun mú. Mo wá wo ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ti na jáde nínú bàtà, wọ́n tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ gidigidi, ní ibi tí bíréèkì ìbá wà ká ní àwọn ni wọ́n ń wà á.

Mo dákẹ́. Àwọn náà dákẹ́. A lọ ra ọsàn.

Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò níbì kan. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ẹ jẹ́ n lọ pa ẹ́ńjìnnì.